Ojú Ìwé Tí Ìsíátù Kò Kà

Fóònù tuntun ni Àjíbíkẹ́ aránṣọ, Ìyá Diamond, gbé ka orí tábìlì Ìsíátù láàárọ̀ Sátidé, kò tilẹ̀ dúró gba ìkíni.

"Ṣí i. Bá mi wá àwọn èèyàn mi nínú rẹ̀."

Ìsíátù ṣí i. Ètò tí òun fúnra rẹ̀ kọ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ṣófo. Ètò náà ò ju ìwé ìwọ̀n aránṣọ lọ, orí fóònù ni tiẹ̀ wà: orúkọ oníbàárà, èjìká, àyà, ìbàdí, gígùn ọwọ́. Ọ̀fẹ́ ni. Kóòdù rẹ̀, àwọn ìlà àṣẹ tí wọ́n fi kọ ọ́, wà ní gbangba, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kọ lè wò ó, kó tún un ṣe. Àwọn aránṣọ ń lò ó láti Ṣógúnlé dé Ailegun. Igba oníbàárà ó lé díẹ̀ ni Àjíbíkẹ́ ní nínú tirẹ̀. Kò ku ẹyọ kan.

"Ìyá Diamond, fóònù àtijọ́ dà?"

"Mo ti fi pààrọ̀ èyí. Ẹni tó gbà á ti pa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́ níṣojú mi. Mo ní ṣé kò séwu, ó ní kò séwu."

Ìsíátù gbé fóònù náà kalẹ̀. Ó níbi tó yẹ kéèyàn tẹ̀ kó tó pààrọ̀ fóònù, kó lè fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ara rẹ̀. Kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Gbogbo ẹni tó bá bi í ló máa ń fi ohùn ránṣẹ́ sí lórí Wásáàpù, á ṣàlàyé títí, á tún fi àwàdà sí i. Ẹni tí kò bá wá mọ̀ pé ó yẹ kóun bèèrè ńkọ́? Kò kọ ọ́ síbì kankan.

"Ìwé tí mò ń kọ wọ́n sí tẹ́lẹ̀," ni Àjíbíkẹ́ wí, "ìwọ lo ní kí n jù ú nù. O ní ayé ti kúrò níbẹ̀. Mo kó o fún alákàrà, ó fi wé àkàrà tán."

"Ẹ tún lè wọ̀n wọ́n. Wọ́n á padà wá."

"Ta ló máa padà wá? Ìyá Ṣàmsúdéènì? Látìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú, kò tíì dìde dúró. Aṣọ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n ń wọ̀ fún un. Ó ní kí n rán ẹ̀wù méjì fóun, kóun lè rí bí obìnrin lójú àwọn tó ń wá kí òun. Ọwọ́ mi ni ìwọ̀n rẹ̀ wà láti ọdún mọ́kànlá." Ó mú fóònù rẹ̀. "Màá lọ gbìyànjú láti wọ̀n ọ́n lórí bẹ́ẹ̀dì ní aago mẹ́rin. Wá bá mi gbé e ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ìyẹn ló kéré jù tó o lè ṣe."

"Màá wá. Ìpàdé kan ni mò ń lọ ní Òkè-Àfà báyìí. A fẹ́ rọ àwọn tó ń kọ kóòdù lọ́fẹ̀ẹ́ kí wọ́n máa bá wa kọ àlàyé sílẹ̀, bí èèyàn ṣe ń lo àwọn ètò yìí."

Àjíbíkẹ́ wò ó látòkè délẹ̀. "Ìwọ lo máa rọ̀ wọ́n?"

Ó jáde. Kò pariwo. Ìbá pariwo ni, ìbá sàn fún Ìsíátù.

Ohun tó burú jù, Ìsíátù ò tíì jẹ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, obìnrin kan tó ń jẹ́ Ọmọ́bọ́lájí, tó ń kọ́ ara rẹ̀ níṣẹ́ kóòdù bí Ìsíátù náà ṣe kọ́ ara rẹ̀, ti kọ ojú ìwé àlàyé kan ránṣẹ́ sí i, pé kó fi kún ètò náà. Ìsíátù ka àkọlé, ó pa á dé. Lójú tirẹ̀, ẹni tí kóòdù bá le fún ló ń kọ àlàyé. Ọmọ́bọ́lájí bèèrè lẹ́ẹ̀mejì pé, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti rí i?" Lẹ́yìn náà, kò bèèrè mọ́.

Ó kà á wàyí. Nígbà tó dé ìlà kẹrin, ó bá ọ̀rọ̀ pípààrọ̀ fóònù níbẹ̀. Aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́.

Ní Òkè-Àfà, èèyàn bí ogún ló jókòó sórí àga oníke lábẹ́ fáànù tí kò yí. Fákúnlé tó pe ìpàdé ti ń sọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ ìmọ̀ tí yóò tàn ká gbogbo ilé.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìmọ́lẹ̀ náà á lè tan fáànù yìí?" ni ẹnì kan bi í láti ẹ̀yìn. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Fákúnlé na ìwé ọ̀rọ̀ tó ti kọ kalẹ̀ sí Ìsíátù pé kó kà á. Ọ̀rọ̀ náà dùn lójú. Ìsíátù ká a, ó fi sínú báàgì, ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó sì kà pé:

"Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ fóònù, ẹ dúró ná. Ìwọ̀n àwọn oníbàárà yín ò ní tẹ̀ lé yín bí ẹ kò bá mú un dání. Ẹ ṣe nǹkan mẹ́ta yìí kí ẹ tó fi fóònù àtijọ́ sílẹ̀."

Ó kà á tán. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Alameen nawọ́. "Àǹtí, èyí yé èèyàn dáadáa. Kí ló dé tí kò sí nínú ètò yín?"

"Èmi ni. Wọ́n kọ ọ́ fún mi, mi ò kà á. Aránṣọ kan pàdánù gbogbo ìwọ̀n tó ní. Mo wá rọ̀ yín kí ẹ máa kọ àlàyé, ṣùgbọ́n èmi tí mò ń rọ̀ yín nìyẹn."

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Obìnrin kan dìde ní ìdí ilẹ̀kùn, ó ti gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. Ìsíátù ò rí i rí, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n.

"Mo rò pé kò dáa ni," ni Ọmọ́bọ́lájí wí. "Látìgbà yẹn, mi ò kọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni mọ́."

"Ó dáa púpọ̀. Má bínú."

"Mo gbọ́, Àǹtí." Ó sì jáde. Níṣojú gbogbo wọn, Ìsíátù fi ojú ìwé náà kún ètò rẹ̀. Títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan péré ni.

Ní aago mẹ́rin, ó wà ní yàrá Ìyá Ṣàmsúdéènì. Àjíbíkẹ́ ti tẹ́ ìró kan sábẹ́ ìyá náà.

"Ṣé ẹ fẹ́ gbẹ́ sàréè ni, tẹ́ ẹ fi ń wọ̀n mí lórí ìdùbúlẹ̀?" ni Ìyá Ṣàmsúdéènì wí.

"Ẹ̀wù ni, Ìyá. Ẹ máa fi gba àlejò." Àjíbíkẹ́ mú ẹfun ìlàṣọ, ó kọjú sí Ìsíátù. "Kì í ṣe ara rẹ̀ lo máa wọ̀n. Ìró ni. O máa fi ẹfun sàmì sí etí èjìká, etí ìbàdí. Tó o bá ti yọ ìró, o wá fi téèpù sórí àmì." Ó dúró. "Kí lò ń fi fóònù yẹn ṣe?"

"Mò ń gba ohùn yín sílẹ̀."

"Kọ ọ́."

Ìsíátù wá inú báàgì rẹ̀. Wáyà mẹ́ta ló wà níbẹ̀, kò sí báírò. Àjíbíkẹ́ fa tirẹ̀ yọ nínú irun, ó nà án sí i. Ẹ̀yìn ìwé Fákúnlé ni Ìsíátù kọ ọ́ sí, kò yára, ìlà kan tẹ̀ lé ìlà kan. Ó pẹ́ kó tó parí. Ìyá Ṣàmsúdéènì ní kó kà á sí òun létí.

Ó kà á.

"O ò kọ ọ́ pé apá òsì ń dùn mí bí wọ́n bá fà á," ni ìyá náà wí.

Ìsíátù tún mú báírò. Ó kọ ìyẹn náà.