Àlàyé Olórí Ọ̀tá

Ìyá Àlùmọ́gàjí kì í wo fíìmù níbi tí gbogbo ayé bá ti ń wò ó. Òun ló ń gé fíìmù fún àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ olùdarí, ibẹ̀ náà ni orúkọ yẹn ti wá. Bí wọ́n bá ń dán iṣẹ́ tuntun wò, yóò gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí àwòrán ń hàn lára rẹ̀, yóò kọ ẹ̀yìn sí i, yóò máa wo ojú àwọn òǹwòran. Ẹnu lè purọ́, ó ní, ojú ò mọ̀ ọ́n ṣe.

Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀. Ìtàn amí obìnrin kan ni wọ́n ń ṣe, apá kan ń tẹ̀ lé òmíràn. Ìkíní dùn, ìkejì dùn jù ú lọ, ìkẹta wá já gbogbo èèyàn kulẹ̀. Onísinimá ti là á mọ́lẹ̀ pé bí ìkẹrin bá tún rí báyẹn, kí wọ́n má gbé ìkarùn-ún wá sọ́dọ̀ òun. Àbúrò ò sì mọ iṣẹ́ mìíràn í ṣe láyé.

Ká má parọ́, ìkẹrin yìí dáa níbi tó ti dáa. Amí sá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, eruku kó sí i nímú, ó ń bá ara rẹ̀ jà kó má baà sín, bàtà ọ̀tá sì dúró gbọn-in níwájú rẹ̀. Kò sí orin, kò sí ọ̀rọ̀. Ìyá Àlùmọ́gàjí tó gé e fúnra rẹ̀ ṣì máa ń di imú mú tó bá débẹ̀. Àmọ́ lẹ́yìn èyí, olórí ọ̀tá de amí mọ́ àga, ó wá ń ṣàlàyé gbogbo ètekéte rẹ̀, láti kékeré rẹ̀ títí dé bí yóò ṣe ba ìlú jẹ́. Ká ní wọn ò de amí ni, ì bá ti lọ wẹ̀, kó jẹun, kó sì padà wá bá a lẹ́nu ẹ̀.

"Ká gé e," Ìyá Àlùmọ́gàjí sọ fún àbúrò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ni yóò sọ fún Bàbá?"

Ẹ̀gbọ́n bàbá wọn, tó tọ́ wọn dàgbà tí wọ́n sì ń pè ní Bàbá, ló ṣe olórí ọ̀tá. Ó ti kọ́ ọ̀rọ̀ náà sórí, ó ń sọ ọ́ nínú balùwẹ̀ fún gbogbo ilé gbọ́. Ẹni tó tọ́ ni dàgbà la ó wá gé lẹ́nu? Ẹ̀rù ba àwọn méjèèjì, wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ ìdánwò, ilé iṣẹ́ kún fún ẹbí àti aládùúgbò. Nígbà tí amí wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, aránṣọ ìsàlẹ̀ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sórí àga láìmọ̀. Inú Ìyá Àlùmọ́gàjí dùn. Àlàyé wá bẹ̀rẹ̀, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sórí fóònù. Ó wo Bàbá níwájú. Lára ògiri, Bàbá ń halẹ̀ mọ́ ìlú. Lórí àga, Bàbá ń hanrun.

Ìgbà tí iná tàn, ó kúnlẹ̀ tì í. "Bàbá, ẹ má bínú. Ó gùn. Mo fẹ́ gé e, àfi gbólóhùn tó kẹ́yìn."

Bàbá nu ojú. "Èmi tí mo sọ ọ́ gan-an sùn, ọmọ mi. Ta ni mo wá fẹ́ fi dẹ́rù bà? Gé e."

Lọ́jọ́ tí fíìmù jáde, sinimá kún dé ẹnu ọ̀nà. Olórí ọ̀tá fa àga sún mọ́ amí, ó ní, "Ilé ìyá ẹ ni màá ti bẹ̀rẹ̀." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo èrò mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àbúrò ti gbé àga tirẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n, òun náà kọ ẹ̀yìn sí fíìmù. Bàbá wà níwájú, ojú rẹ̀ là kedere.

Nígbà tí àtẹ́wọ́ rọlẹ̀, onísinimá wá bá wọn fúnra rẹ̀, ó ń béèrè ìgbà tí ìkarùn-ún máa dé. Olùdarí yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ bi ọmọ mi obìnrin yìí," Bàbá ní. "Òun ló mọ ibi tó yẹ kí n dákẹ́."