Òrùka Tí Kò Ké

Ìlú irin kan wà nínú ilé kékeré létí odò. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ìlú ẹ̀rọ yìí ń ṣe: ó ń fa omi lọ sí orí òkè, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń gbé korobá dúró dè é. Ọ̀pá ni ọba ibẹ̀. Bí Ọ̀pá bá yí, gbogbo ìlú a yí. Ìyá Gbérù, tí àwọn ará òde ń pè ní bíárìn, ló gbé ọba sí àyà, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀, àwọn irin róbótó tí wọ́n ń sáré yí ọba ká nínú gírísì. Lẹ́nu ọ̀nà tí omi lè gbà dé ọ̀dọ̀ wọn ni Baba Ìdènà jókòó sí, òrùka rọ́bà tó fún ọrùn ọba mọ́ra, tí kò jẹ́ kí ẹ̀kán omi kan kọjá. Ìyá Gbérù kì í sùn kó má kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí omi ni ikú àwọn ọmọ rẹ̀.

Àṣà ìlú náà ni pé bí àgbà kan bá gbó, wọ́n á ránṣẹ́ sí Ilé Ìbí, ilé tí wọ́n ti rọ gbogbo wọn, tí ìwọ̀n ara kálukú ṣì wà nípamọ́. Títí arọ́pò yóò fi dé, ìlú a dákẹ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yí.

Ọjọ́ dé tí Baba Ìdènà gbó. Rọ́bà rẹ̀ ti le, ihò àárín rẹ̀ sì ti fẹ̀, nítorí ọdún gbọọrọ tí ọba fi yí nínú rẹ̀. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n gbé e sórí pẹpẹ lẹ́bàá fèrèsé, wọ́n ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n Ilé Ìbí jìn. Àwọn ará orí òkè bẹ̀rẹ̀ sí í bú ìlú náà, ojú sì ń ti ọba. Ni Olóyè Ìdérí, irin tó bo ìlú lórí, tó fẹ́ràn kí wọ́n máa gbọ́ ohùn òun, bá pe ìgbìmọ̀.

"Kábíyèsí, ẹ̀yin ìjòyè," ó ní, "wọ́n ti ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Mo rí òrùka kan lẹ́bàá títì. Ó dúdú, ó ń dán, bí ẹni pé òun àti Baba Ìdènà jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Mo sì ti gbé e lé ara Baba, mo fi wọ̀n ọ́n. Kò yàtọ̀ níbì kankan."

Wọ́n ní kí Ìyá Gbérù sọ tirẹ̀, torí òun ló sún mọ́ ẹnu ọ̀nà jù. Ohun kan wà tó yẹ kó sọ, tí kò rántí. Ṣùgbọ́n eré ni ayé àwọn ọmọ rẹ̀, jíjókòó sójú kan sì ti sú wọn. Ó kàn béèrè bóyá àwọn kò lè ní sùúrù díẹ̀ sí i.

"Ìyá wa," Olóyè Ìdérí dáhùn, "ẹ lọ bá àwọn tó gbé korobá òfìfo lórí sọ ti sùúrù."

Ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín. Ìyá Gbérù náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, kí wọ́n má baà pè é ní aláròyé. Ó ní òun fara mọ́ ọn.

Àlejò wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Kò ké, kò há, kò ni ẹnikẹ́ni lára. Gbogbo wọn ní ọmọlúàbí nìyí. Ọba yí, omi gòkè, ariwo ayọ̀ sì sọ lórí òkè.

Ayọ̀ náà kò tíì tán tí ẹ̀kán omi kan fi bọ́ sára Ìyá Gbérù. Ó sọ fún Olóyè Ìdérí. Ìyẹn ní òógùn ni, ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ á làágùn. Òmíràn tún bọ́. Gírísì di funfun bí ògì. Ó bẹ Àlejò pé kó fún ọrùn ọba mọ́ra sí i, Àlejò sì dáhùn pé bí wọ́n ṣe gé òun nìyẹn, òun kò lè fún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò parọ́.

Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún. "Ìyá, mi ò lè yí mọ́," ni àbíkẹ́yìn wí, ó sì dúró. Òmíràn dúró tẹ̀lé e. Ọba ń ha ara wọn, ọrùn rẹ̀ gbóná, ó fá, ó tẹ̀. Ìlú dákẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdákẹ́ ti àṣà.

Wọ́n wọ́ ọba jáde, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n gbé Ìyá Gbérù àti àwọn ọmọ rẹ̀ sórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Baba Ìdènà. Baba bi í léèrè nípa Àlejò.

"Báwo ló ṣe wọlé?"

"Wọ́ọ́rọ́wọ́ ni, Baba. Kò tilẹ̀ ké."

"Kí ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n?"

"Ẹ̀yin ni."

Baba wo ihò àárín rẹ̀ tó ti fẹ̀. "Èmi tí mo ti gbó tán yìí? Gbérù, o ò rántí ọjọ́ tí mo dé ni? Mo há, mo ké, débi pé ìwọ gan-an bú mi. O ní kí wọ́n dá mi padà."

Ó rántí. Ohun tí kò rántí lọ́jọ́ ìgbìmọ̀ nìyẹn. Ó na ọwọ́ sí àwọn ọmọ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó yí.

Nígbà tó yá, ẹrù dé láti Ilé Ìbí, ọba titun, òrùka titun àti bíárìn titun sì wà nínú rẹ̀. Láti orí pẹpẹ ni Ìyá Gbérù ti gbọ́ igbe kan láàárín ìlú, igbe gígùn tó ń dun etí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ohùn obìnrin kan tí kò mọ̀ rí: "Irú òrùka wo ló há tó báyìí? Ṣé o fẹ́ pa wá ni?"

Ìyá Gbérù fẹ́ sọ fún obìnrin náà pé kó fi òrùka náà sílẹ̀, kó jẹ́ kó ké. Ṣùgbọ́n pẹpẹ jìn. Ó kàn tẹ́tí sílẹ̀ títí igbe náà fi rọlẹ̀, tí àwọn ọmọ ẹlòmíràn sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.