Àpò Kọ́ìlì Tó Bàjẹ́

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ lórí rédíò, mo rò pé etí ń tàn mí jẹ ni. Wọ́n ní ìjọba fẹ́ ran ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ inú rédíò àti inú ṣájà fóònù lọ́wọ́, bó bá ṣáà ti jẹ́ pé nílẹ̀ wa níbí ló ti ń ṣe é. Ẹ̀rọ tí onítọ̀hún bá fẹ́ rà, ìjọba á bá a gbé ìdajì owó rẹ̀, àwọn aṣọ́bodè ò sì ní gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀. Mo fi igbe ta.

"Ọkọ mi o! Sáré wá o! Ìwọ ni wọ́n ń bá wí!"

Ọmọ ọmọ mi obìnrin ni mò ń pè bẹ́ẹ̀. Òun ló ni ilé iṣẹ́ ẹ̀yìnkùlé wa níbi tí wọ́n ti ń ṣe kọ́ìlì. Ẹni tí kò bá mọ kọ́ìlì, kó tú rédíò tó ti kú wò, á rí wáyà bàbà tó tín-ín-rín bí irun orí, tí wọ́n wé mọ́ ike kékeré kan. Òun nìyẹn. Nígbà èwe mi, òwú gidi la máa ń ran, ìyá mi á sì dúró tì mí lẹ́yìn, "Má fà á jù, má dẹ̀ ẹ́ jù." Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni ọmọ ọmọ mi ń sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ lónìí, mi ò sì kọ́ ọ. Ó ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀.

Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí ẹ̀rọ wọn. Iléeṣẹ́ ńlá kan tó ń to ṣájà ti wo kọ́ìlì wọn, wọ́n ní ó dára, àmọ́ iye tí àwọn ń fẹ́ kọjá ohun tí ọwọ́ lè yí. Bí ẹ̀rọ ńlá bá dé, iṣẹ́ di tiwa. Bí kò bá dé, iléeṣẹ́ yẹn á padà sídìí èyí tó ń ti òkè òkun wá, àwọn ọmọ tó ń bá wa ṣiṣẹ́ á sì palẹ̀ ẹrù wọn mọ́. Ìdí nìyẹn tí ọkàn gbogbo wa fi ń fò sókè nígbà tí a kọ̀wé béèrè, tí ìjọba sì ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá wo ilé iṣẹ́ náà.

Háà! Àlejò ìjọba! Ọmọ tí mo bí, ìyá ọmọ ọmọ mi yìí, Gbálẹ̀gbọ́nà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí pé tó bá gbálẹ̀ ilé tán, á gbá ojú ọ̀nà mọ́ ọn. Òun ló kó ìgbálẹ̀ jáde.

"Ṣé inú pàǹtírí yìí ni wọ́n á ti bá wa? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dójú tì mí o!"

Ta ló máa jiyàn? Èmi gan-an mú àkísà. A gbá, a fọ̀, a nù. Àwọn ọmọkùnrin kun ògiri, àwọn ọmọbìnrin wọ aṣọ iṣẹ́ tuntun. Ilẹ̀ ń dán, o lè wojú nínú ẹ̀ kí o fi lé tìróò. Gbogbo èérún wáyà, gbogbo ike tó fọ́, àti àpò kọ́ìlì tó bàjẹ́ tó ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn láti ìgbà tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, Ó-Fúyẹ́ la kó wọn tà fún.

Ó-Fúyẹ́ ni bàbá tó ń ti ọmọlanke kiri, tó ń ra irin àlòkù. Kò sí ohun tí o máa gbé fún un, kódà kó jẹ́ ọlọ, tí kò ní gbé sókè, kó yínmú, kó ní, "Ó fúyẹ́." Àárọ̀ ọjọ́ tí àlejò ń bọ̀ gan-an ló wá gbé àpò yẹn.

"Ó fúyẹ́, màmá."

"Gbé e lọ jàre, ẹnu ẹ ló fúyẹ́."

Kò pẹ́ tó lọ tí ọkọ̀ ìjọba fi dé. Obìnrin kan ló sọ̀ kalẹ̀, ó wọ gíláàsì àti bàtà pẹlẹbẹ, òun àti awakọ̀ ẹ̀ nìkan. Ó kí wa dáadáa. Ó fìka ra tábìlì, ó wo ìka ọ̀hún. Ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀rọ. Gbálẹ̀gbọ́nà ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń dúró kí wọ́n yìn ín.

"Ẹ̀yin wo lẹ ń ṣiṣẹ́ níbí?" ni obìnrin náà bi.

"Gbogbo wa ni, mà," ni ọmọ ọmọ mi dáhùn.

"Níbo lẹ ti ń ṣe é? Ibi tí wọ́n bá ti ń dáná, eérú á wà níbẹ̀."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Gbálẹ̀gbọ́nà. Obìnrin náà wá ṣàlàyé. Ó ní ibi tóun lọ kẹ́yìn, báyìí náà ló ṣe ń dán. Àṣé ńṣe ni wọ́n ń ra kọ́ìlì òkè òkun, wọ́n á ha orúkọ ara ẹ̀ kúrò, wọ́n á lẹ tiwọn mọ́ ọn. Wọ́n tiẹ̀ gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ láti fi bojú.

"Ẹ jẹ́ kí n wé ọ̀kan lójú yín, mà." Ọmọ ọmọ mi ti jókòó. Ẹ̀rọ kùn yùn-ún, wáyà sáré, kọ́ìlì jáde, ó jọjú!

Obìnrin náà gbà á, ó yí i wò. "Ó dáa gan-an. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ tàn mí lè kọ́ ìyẹn sílẹ̀ de ọjọ́ òní. Ẹni tó ń ṣe é lóòótọ́ á ti ba púpọ̀ jẹ́. Èyí tó bàjẹ́ dà? Òun ni mo fẹ́ rí. Kò sẹ́ni tó ń ra kọ́ìlì tó bàjẹ́ láti òkè òkun."

Gbogbo ojú yí sí Gbálẹ̀gbọ́nà.

"Mo ti kó o dànù," ló wí. Ohùn ẹ̀ ò ju ti ẹ̀fọn lọ.

Obìnrin náà mí kanlẹ̀, ó gbé báàgì ẹ̀. Ó ní ibòmíràn ń retí òun, bí awakọ̀ bá ti yí ọkọ̀ padà, òun á máa lọ.

Ọmọ ọmọ mi fò dìde. Ó bọ́ bàtà sílẹ̀, ó di eré! Àwọn òṣìṣẹ́ tẹ̀ lé e, èmi náà gbá ọ̀pá mi mú, mo tẹ̀ lé wọn. "Ó-Fúyẹ́ o! Ó-Fúyẹ́!" Onígbàjámọ̀ yọjú, ó ti fá apá kan orí oníbàárà ẹ̀. "Ó ti kọjá ọ̀dọ̀ fọkanáísà!" Fọkanáísà fi sípánà júwe òkè: "Ó ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn o!"

A rí i lókè lọ́hùn-ún. Òun náà rí wa, ó rí èrò tó ń sáré bọ̀, ló bá ti ọmọlanke kíkankíkan.

"Mi ò jí nǹkan kan o! Ẹ̀yin lẹ tà á fún mi!"

Ọmọ ọmọ mi bá a, ó di ọmọlanke mú. "Bàbá, ẹ dákun, àpò wa. Ẹ tà á padà fún wa."

Bí ọkùnrin yìí ṣe gbọ́ pé a fẹ́ rà, ojú ẹ̀ yí padà. Ó gbé àpò náà sókè, ó kérora.

"Háà. Ó mà wúwo o."

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé nígbà yẹn, mò ń mí hẹlẹ. "Kí lo wí? Láàárọ̀ yìí ńkọ́? Àbí ó lóyún lójú ọ̀nà?"

Àwọn òṣìṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín, òun náà ò lè mú un mọ́ra. "Màmá, ohun tí mo san náà ni kẹ́ ẹ dá padà. Ẹ̀yin àti ẹnu yín!"

Orúnkún mi ti kọ̀. Ni wọ́n bá gbé mi ka orí àpò náà nínú ọmọlanke, gbogbo wọn sì dáwọ́ jọ tì wá lọ sísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ ò rí eré! Gèlè mi fò lọ. Ó-Fúyẹ́ ń kígbe lẹ́yìn, "Màmá, ẹ̀yin náà wúwo!"

Ọkọ̀ ti kọjú sọ́nà. Ẹsẹ̀ kan obìnrin náà ti wà nínú ẹ̀.

"Ẹ dúró, mà! Eérú rèé!"

Ọmọ ọmọ mi da àpò náà sórí ilẹ̀ tó ń dán, ó ró wàràwàrà. Obìnrin náà fi aṣọ rere kúnlẹ̀, ó ń ṣà wọ́n wò.

"Èyí ni mo kọ́kọ́ ṣe," ni ọmọ ọmọ mi wí. "Mo fà á jù, ó já. Mo dẹ ìyẹn jù, ó tú. Ìgbà tí mo pààrọ̀ ike ni tọ̀hún."

"Tèmi nìyẹn," ni ọmọbìnrin kan wí, "ọjọ́ tí ọ̀rẹ́kùnrin mi já mi sílẹ̀. Ẹ wò ó bó ṣe lọ́ kọ́lọkọ̀lọ!"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí gíláàsì ẹ̀ fi yọ̀ sílẹ̀. Ó tò wọ́n láti orí èyí tó wọ́ jù dé orí èyí tó kù díẹ̀ kó dára, ó wò wọ́n pẹ́, ó wá dìde, ó gbọn orúnkún ẹ̀.

"Níbí lẹ ti ṣe é. Ẹ ti rí owó ìjọba gbà. Ẹ wá àyè sílẹ̀ fún ẹ̀rọ yín."

Ariwo wo ni kò sọ! Àwọn ọmọ gbé ọ̀gá wọn sókè, mo ń jó lórí ọmọlanke, ọ̀pá mi ń lọ sókè sódò. Àfi bí mo ṣe wẹ̀yìn tí mo rí Gbálẹ̀gbọ́nà. Ó ti bẹ̀rẹ̀, ó ń gbá kọ́ìlì jọ.

"Fi sílẹ̀!" Gbogbo ilé ló kígbe.

Ó wo ìgbálẹ̀ ọwọ́ ẹ̀, ó wò wá, ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó sọ ìgbálẹ̀ sínú ọmọlanke. Ó-Fúyẹ́ mú un, ó gbé e sókè, ó yínmú.

"Ó fúyẹ́," ló wí.