Aṣọ Ọdún Bùọ̀dá Sójà

Ẹni tó bá sọ pé mi ò mọ aṣọ rán, irọ́ ló pa. Ikùn ọkọ mi ló kó ìtìjú bá mi.

Bùọ̀dá Sójà, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ló ti ojú ogun dé nígbà tí ọdún ku díẹ̀. Nígbà tí àwa ń sùn, tí à ń jí, tí à ń tajà, inú kòtò ni wọ́n wà tàwọn tìbọn, nítorí tiwa. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Mo ní aṣọ ọdún ni màá fi dúpẹ́ tèmi, mi ò sì ní jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Láti kékeré ni aṣọ ẹ̀gbọ́n ti ń ṣe rẹ́gí lára àbúrò, torí náà ọkọ mi ni mo na tépù sí lára. Mo fa aṣọ búlúù tí mo ti ń tọ́jú fún ara mi yọ, mo sì gé kóòtù àti ṣòkòtò. Mo sọ fáwọn ọmọṣẹ́ mi pé ẹni tó bá rán an wọ́gọwọ̀gọ máa rí pípọ́n ojú mi.

Ṣùgbọ́n Bùọ̀dá kì í jáde nínú yàrá. Ọ̀rẹ́ wọn tí wọ́n jọ wọṣẹ́ ológun ti kú sójú ogun. Ìyàwó olóògbé náà ń gbé ní òpópónà kejì pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré, Bùọ̀dá ò sì tíì lè débẹ̀. Ọkọ mi bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n lọ. Wọ́n ní ojú wo làwọn fẹ́ fi wo obìnrin náà, kí làwọn fẹ́ mú dání lọ. Mo mọ̀ pé bí ọdún bá fi lè kọjá tí wọn ò lọ, wọn ò ní lọ mọ́ láéláé.

Nígbà tí ọdún ku ọ̀la, èmi àti ọkọ mi gbé aṣọ lọ bá Bùọ̀dá. Wọ́n wọ̀ ọ́. Yéè! Èjìká kóòtù fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìgúnpá, ṣòkòtò sì ń wá ẹnì kejì tí wọ́n á jọ wọ̀ ọ́. Mo wo ikùn ọkọ mi, tí èmi fúnra mi fi oúnjẹ kọ́. Ogun ti mú ẹ̀gbọ́n rù, ọbẹ̀ mi ti mú àbúrò sanra, èmi aránṣọ ò sì rò ó. Omi lé ròrò sójú mi. Mo kọjú sí ọkọ mi, mo ń bú u pé òun ló fi ẹnu ba aṣọ náà jẹ́.

Ni Bùọ̀dá bá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé, a ò tíì gbọ́ irú ẹ̀. Wọ́n wá bọ́ ṣòkòtò, wọ́n tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń wò ó.

"Ìyàwó wa," wọ́n ní, "bá mi dín kóòtù yìí kù. Ṣé ṣòkòtò yìí ò ní tó gáùn ọmọdé?"

Mo ní ó tó, á tún ṣẹ́ kù. Mo ti jókòó sídìí ẹ̀rọ kí ọkọ mi tó bi mí pé ọmọ ta ni.

Láàárọ̀ ọdún, èmi àti Bùọ̀dá jọ lọ. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ wọn kọ̀. Mi ò bá wọn jiyàn, mo kan ilẹ̀kùn. Obìnrin náà yọjú. Bùọ̀dá na gáùn sí i, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì pé àwọn nìkan làwọn bọ̀. Kò jẹ́ kí wọ́n parí ẹ̀. Ó gbá ọwọ́ wọn mú.

"Ojoojúmọ́ ni mò ń retí yín," ó ní. "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ bọ̀. Bí kò bá sí yín, ta ni ì bá sọ fún ọmọ yìí irú èèyàn tí bàbá rẹ̀ jẹ́?"

Bùọ̀dá sunkún, mi ò ní parọ́. Èmi náà sunkún. Ọmọ ní tiẹ̀ ti wọ gáùn lé aṣọ tó fi sùn, ó sì ti jókòó lé wọn lẹ́sẹ̀, ó ń dúró de ìtàn.

"Bàbá ẹ," ni Bùọ̀dá fi bẹ̀rẹ̀, "kò mọ orin kọ rárá, bẹ́ẹ̀ kì í dákẹ́."

Ìyá rẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín kí ìtàn tó dé ibì kan.