Àga Tó Ń Dún Nínú Àwo Orin

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, ìyàwó káfíńtà kú. Aránṣọ ni. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí.

Káfíńtà kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí àwọn èèyàn wá kí i, ó ń sọ pé, "A dúpẹ́," ó sì ń fún wọn ní ìjókòó. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó mú ìfági, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fá igi. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn.

Yàrá ìránṣọ wà níwájú ilé. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀. Maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ wà níbi tó wà, tábìlì tí obìnrin náà fi ń gé aṣọ wà níbi tó wà, ìdì aṣọ sì ga lára ògiri títí dé òkè àjà. Àga rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Àga yìí ti ń da káfíńtà láàmú láti ọdún tó gbé e níyàwó. Òun fúnra rẹ̀ ló kàn án. Ó dára lójú, àmọ́ tí èèyàn bá jókòó lé e tó tẹ̀ síwájú, á ní kíìn. Tó bá tẹ̀ sẹ́yìn, á ní kọ́. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ń ránṣọ, kíìn-kọ́, kíìn-kọ́, ará ilé kejì ń gbọ́.

Àwọn oníbàárà kò jẹ́ kó sinmi. "Ìyá Aránṣọ, ṣé ọkọ yín ti fi iṣẹ́ káfíńtà sílẹ̀ ni?"

Ojú á ti káfíńtà bí ẹni tí ṣòkòtò já mọ́ nídìí. Á ní, "Gbé àga yẹn wá kí n tún un ṣe."

Ìyàwó rẹ̀ ò tilẹ̀ ní wo ẹ̀yìn. "Jẹ́ kó máa dún. Tó bá dákẹ́, màá rò pé mo ti sùn lọ lẹ́nu iṣẹ́ ni."

Ọ̀rọ̀ náà kì í kọjá ibẹ̀.

Nígbà tó di oṣù kẹjọ, ọmọ rẹ̀ wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ náà ń kọrin, ó sì ń ta gìtá. Ó ní ọ̀rẹ́ méjì tí wọ́n jọ ń ṣe é. Ọ̀kan ga, ó tín-ín-rín, fáólìnì ló ń ta, Òpó-Iná ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ìkejì ni wọ́n ń pè ní Dókítà, nítorí pé ohun ìgbọ́rọ̀ tí wọ́n fi ń bo etí kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, á sì máa gbé etí lé nǹkan bí ẹni tó ń wá àìsàn.

"Bàbá, a fẹ́ ṣe àwo orin wa àkọ́kọ́."

"Ẹ ṣe é. Ta ló dì yín lọ́wọ́?"

"A ò ní yàrá ni. Kò sí ilé-iṣẹ́ kankan lẹ́yìn wa, àwa fúnra wa la máa gba orin náà sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Dókítà ti yá wa ní ẹ̀rọ. Yàrá Màmá ni mo wá tọrọ."

Káfíńtà gbé ìfági sílẹ̀. "Kí ni orin fẹ́ lọ ṣe ní yàrá ìránṣọ?"

"Aṣọ tó wà níbẹ̀ ni, Bàbá. Ó ń gbé ariwo mì. Ohùn ò ní máa ta padà lára ògiri."

Ó ronú díẹ̀. Kò wù ú kí ẹsẹ̀ kankan wọ ibẹ̀. Síbẹ̀, láti oṣù kẹta, kò tíì gbọ́ nǹkan kan láti yàrá yẹn, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà sì ti sú u.

"Ẹ má jẹun lórí tábìlì. Ẹ má sún maṣíìnì. Ẹni tó bá fi bàtà wọlé, kó máa bá tirẹ̀ lọ."

"A ti gbọ́, Bàbá."

Ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ gan-an ni ìjà dé. Dókítà yọ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ìfági yín ti wọ inú orin wa."

"Orin yín ló wọ inú iṣẹ́ mi."

Ọmọ rẹ̀ ló parí rẹ̀. Ó mú àjákù aṣọ pupa kan lára aṣọ ìyá rẹ̀. Tí aṣọ pupa bá ti wà lójú fèrèsé tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù, bàbá ò gbọ́dọ̀ fá igi, kò sì gbọ́dọ̀ kan ìṣó. Iṣẹ́ tí kò ní ariwo nìkan ló lè ṣe: kó wọn igi, kó kùn ún, kó fi gọ́ọ̀mù lẹ nǹkan. Tí wọ́n bá ká aṣọ náà kúrò, kó máa fá igi rẹ̀ lọ. Káfíńtà fara mọ́ ọn. Ó fẹ́ràn òfin tójú rí.

Orin wọn kì í ṣe èyí tó ń mi ilé. Gìtá kan, fáólìnì kan, ohùn mẹ́ta, àti Dókítà tó ń fọwọ́ lu ohunkóhun tó bá rí, ìbáà ṣe páálí, ìbáà ṣe àyà ara rẹ̀. Ó jẹ́jẹ́ bí orin tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún, àmọ́ ẹsẹ̀ ò lè gbádùn ìjókòó tí wọ́n bá ń kọ ọ́. Káfíńtà ká ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mọ́ ibi tó ti ń jó lábẹ́ tábìlì iṣẹ́. Ó bá a wí.

Àmọ́ ní àárín orin, ó tún ń gbọ́ ohun kan tó mọ̀: kíìn-kọ́. Ọmọ rẹ̀ ló jókòó sórí àga ìyá rẹ̀. Ọkàn káfíńtà ò balẹ̀. Lójú tirẹ̀, àga òun ló ń ba orin àwọn ọmọ wọ̀nyí jẹ́, ọ̀wọ̀ ni ò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́.

Nígbà tó ku orin kan ṣoṣo, wọ́n jáde láàárọ̀ lọ ya fọ́tò tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ara àwo. Wọ́n gbàgbé aṣọ pupa sójú fèrèsé. Káfíńtà dé ṣọ́ọ̀bù, ó rí i. Ó yọjú sí yàrá, kò bá ẹnì kankan. Ẹlòmíràn ì bá fá igi rẹ̀. Káfíńtà ò ṣe bẹ́ẹ̀. Aṣọ pupa wà níbẹ̀, òfin sì lòfin. Ó wá iṣẹ́ tí kò ní ariwo, kò rí, ojú rẹ̀ bá bọ́ sára àga ìyàwó rẹ̀.

Ó tú u palẹ̀. Ó ha oríkèé rẹ̀ mọ́, ó fi gọ́ọ̀mù sí gbogbo rẹ̀, ó fi okùn dì í, ó gbé e sóòrùn. Nígbà tó di ọ̀sán, àga ti le bí òkúta. Ó jókòó lé e, ó mì síwá, ó mì sẹ́yìn. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ àga lẹ́nu. Ó gbé e padà síbi tó wà, inú rẹ̀ sì dùn bí kò ti dùn láti ọjọ́ pípẹ́.

Nígbà tí àwọn ọmọ dé, ó tẹ̀ lé wọn wọlé, èyí tí kì í ṣe tẹ́lẹ̀. Ọmọ rẹ̀ gbé gìtá, ó jókòó, ó mì síwájú. Ó dúró. Ó tún mì. Ó dìde, ó wo abẹ́ àga.

"Ta ló fọwọ́ kan àga yìí?"

"Èmi ni," káfíńtà wí. "Ẹ má dúpẹ́."

Kò sí ẹni tó dúpẹ́. Òpó-Iná rọra fi fáólìnì lélẹ̀. Dókítà ní, "Yéè," bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ ò bínú. Ó fi ohun ìgbọ́rọ̀ bo etí bàbá rẹ̀, ó sì jẹ́ kó gbọ́ ibi tí wọ́n ti dán orin ìkẹyìn wò, kò ju ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ. Kíìn-kọ́, kíìn-kọ́. Àga nìkan. Lẹ́yìn náà ni ohùn ọmọ rẹ̀ wọlé, ó ń gun orí ìró àga náà bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn, ó ń kọrin nípa obìnrin kan tó ń rán ọjọ́ mọ́ ọjọ́. Káfíńtà yọ nǹkan náà kúrò létí. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ìgbà wo lẹ ń dá ẹ̀rọ padà?"

"Lọ́la, Bàbá," Dókítà wí. "Láàárọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀."

"Ẹ gbé omi kaná."

Gọ́ọ̀mù rẹ̀ kì í ṣe gọ́ọ̀mù ẹ̀rín, omi gbígbóná nìkan ló ń gbọ́ tirẹ̀. Ó fi aṣọ gbígbóná di ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn àga títí gọ́ọ̀mù fi rọ̀, ó fà á yọ, ó ha gọ́ọ̀mù kúrò, ó sì kì í padà láìlẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́, kò tíì kan ohun tó fẹ́ kó dún rí. Ọmọ rẹ̀ jókòó, àga ní wíí.

"Eku," Òpó-Iná wí.

Ó tún un fún díẹ̀. Àga ní gbọ̀ọ̀ọ̀.

"Eku náà ti dàgbà."

"Ìwọ òpó yìí, dúró jẹ́ẹ́ bíi ti ẹgbẹ́ rẹ," káfíńtà wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n gbọ́ àpárá lẹ́nu rẹ̀, ó sì ṣe díẹ̀ kó tó yé wọn.

Ó dìde dúró, ó wo àga, ó wo maṣíìnì. Ìyàwó rẹ̀ kì í jókòó gbọọrọ. Á fẹ̀gbẹ́ ti apá òsì, á fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ maṣíìnì, gbogbo ara rẹ̀ á sì máa bá ẹsẹ̀ náà lọ. Káfíńtà gbé àga sídìí maṣíìnì. Ó jókòó. Ó fẹ̀gbẹ́ tì, ó gbé ẹsẹ̀ lé e, ó tẹ̀ ẹ́.

Kíìn-kọ́.

"Bàbá, ẹ má dìde," Dókítà wí.

"Mi ò mọ orin."

"Ẹ ò ní kọrin. Ẹ kàn máa jókòó ni."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní ìgbà àkọ́kọ́, káfíńtà sáré ṣíwájú gbogbo wọn. Ọmọ rẹ̀ ní, "Bàbá, ṣé ẹ ń retí ọkọ̀ ni?" Ní ìgbà kejì, ó sín. Ní ìgbà kẹta, ó gbàgbé pé ẹ̀rọ wà níbẹ̀. Ohùn mẹ́ta dìde, fáólìnì gba àárín wọn kọjá, orin náà gbóná, ó sì ń yọ̀, kò dún bí ọ̀fọ̀ rárá. Nígbà tó yá, gìtá dúró, fáólìnì dúró.

Káfíńtà mọ̀ pé wọ́n ti dúró. Kò tíì tán nínú òun. Ó ń tẹ maṣíìnì, àga ń dáhùn. Dókítà gbé ọwọ́ sókè kí ẹnikẹ́ni má mí, ó jẹ́ kí ẹ̀rọ máa gbà á.

Nígbà tó pẹ́, ó dáwọ́ dúró. Ó ní, "Orúnkún ń dùn mí."

Ẹ̀rín bú gbàù. Ẹ̀rín náà wà nínú àwo orin títí dòní, òun ló parí rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n sọ àwo náà ni *Jẹ́ Kó Máa Dún*. Lẹ́yìn páálí rẹ̀, lábẹ́ orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n kọ ọ́ pé: Àga, Bàbá.

Ọjọ́ tí àwo jáde, wọ́n ṣí fèrèsé yàrá tó kọjú sí títì, wọ́n gbé e sí i, àwọn èèyàn sì dúró lójú títì ń mirí. Oníbàárà àtijọ́ kan na ọrùn wọlé. "Ṣé Ìyá Aránṣọ ló ń ránṣọ nínú orin yìí ni?"

"Èmi ni," káfíńtà wí.

"Ẹ ti ń ránṣọ?"

"Mo jókòó ni."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ kó ẹrù wọn, wọ́n lọ kọrin káàkiri. Káfíńtà mú ìgbálẹ̀, ó wọ yàrá láti túnlé ṣe. Kò gbá ohun púpọ̀. Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ nìyí:

Okùn gìtá kan tó já, tí wọ́n ká bí òrùka.

Ife mẹ́ta tí wọn ò fọ̀, lórí tábìlì tó ní kí wọ́n má jẹun lé.

Ojú ẹsẹ̀ bàtà Òpó-Iná, láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí fèrèsé.

Àwo orin kan nínú páálí rẹ̀.

Aṣọ pupa.

Maṣíìnì, níbi tó wà.

Àga kan, tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kan ò ní gọ́ọ̀mù.