Gáàsì Kì Í Tán

"Bàbá wa! Ẹ jí o, Tísà ń bọ̀!"

Ẹni tí wọ́n ń pè ní Bàbá Kíláàsì ta gìrì. Orí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ ló jókòó sí, ó fẹ̀yìn ti ògiri, itọ́ ti gbẹ sí i létí ẹnu. Kò mọ ìgbà tí oorun gbé e lọ. Láti ìdájí ló ti wà níbi iṣẹ́, ní yàrá tútù tí wọ́n ń kó ẹja sí; ibẹ̀ ló ti sáré wá ṣe ìdánwò àṣekágbá yìí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni. Nínú gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń kọ́ iṣẹ́ fíríìjì àti amúlétutù nílé ẹ̀kọ́ náà, kò sí ẹni tó dàgbà tó àbúrò rẹ̀ àbígbẹ̀yìn.

Ó wo géèjì tó so mọ́ páìpù ìdánwò rẹ̀. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà níbi tó yẹ kó wà gẹ́lẹ́.

"O ṣeun, Ìyá Ìbejì," ló wí fún obìnrin tó jí i. Télọ̀ ni obìnrin náà kó tó wá kọ́ṣẹ́, wọ́n sì jọ ń lo tábìlì kan náà láti ọjọ́ àkọ́kọ́. "Ọlọ́run ló yọ mí. Ó dúró."

Ìyá Ìbejì wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Kò dúró o, Bàbá wa. Ó ti ń gòkè nígbà tí ẹ ń sùn. Mo bá yín tan páńpù fún ìṣẹ́jú méjì, mo sì pa á padà. Ẹ dákẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí i."

Ìdánwò náà kò le rárá. Páńpù yóò fa gbogbo atẹ́gùn inú páìpù jáde. Wọ́n á ti fáàfù, wọ́n á pa páńpù, wọ́n á wá jókòó ti géèjì fún ogún ìṣẹ́jú. Bí abẹ́rẹ́ kò bá kúrò lójú kan, páìpù kò jò nìyẹn, wọ́n lè rọ gáàsì sí i. Bó bá ń gòkè, atẹ́gùn ti rí ihò wọlé. Ìjókòó lásán ni. Ta ló gbọ́ ọ rí pé àgbàlagbà féèlì ìjókòó?

Ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ọdún ló fi tún fíríìjì ṣe láìjókòó ti géèjì kankan. Níbi tó ti kọ́ṣẹ́, gáàsì díẹ̀ ni wọ́n fi ń lé atẹ́gùn jáde, wọ́n á fọwọ́ kan páìpù, bó bá ti tutù, ó parí. Bí oníbàárà bá padà wá, "Gáàsì yín ló tán," ni yóò wí, yóò sì rọ òmíràn. Ó gbà pé fíríìjì ń jẹ gáàsì bí mọ́tò ṣe ń jẹ epo. Ọ̀sẹ̀ kejì tó dé ilé ẹ̀kọ́ yìí ni Tísà dúró níwájú wọn tó ní, "Gáàsì kì í tán. Bó bá dín, ó jò ni." Gbogbo kíláàsì kọ ọ́ sílẹ̀. Òun nìkan ni kò lè kọ ọ́. Ó ń rántí ìyá arúgbó kan tó ń ta omi tútù, tó pè é lẹ́ẹ̀mẹsàn-án láàárín ọdún mẹ́sàn-án nítorí fíríìjì kan ṣoṣo, tó sì ń ṣàdúrà fún un nígbà gbogbo. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tirẹ̀ kì í tilẹ̀ ṣe irọ́, àìmọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ojú tì í bí ẹni tó purọ́.

Tísà dé pẹ̀lú fáìlì lọ́wọ́. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ẹgbẹ́ ọmọ kejì Bàbá Kíláàsì, ṣùgbọ́n "ẹ" ni wọ́n jọ ń pe ara wọn.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá." Ó bẹ̀rẹ̀ wo géèjì. "Ó mà dúró dáadáa. Ogún ìṣẹ́jú ti pé?"

"Ó ti pé, Tísà."

"Ẹ kú oríire." Ó ṣí bírò.

Ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ ti sọ ọ́ ní tààràtà: ẹni tí kò bá mú ìwé ẹ̀rí wá kí oṣù yìí tó parí, kó máa lọ sílé. Ìdánwò mìíràn sì di oṣù mẹ́ta. Ta ni yóò gba irú òun síṣẹ́ lọ́jọ́ orí yìí? Ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé bí wọ́n bá ní kó sùn sórí sìmẹ́ńtì ibẹ̀, yóò sùn. Páìpù ìdánwò lásán sì ni. Kò sẹ́ni tí yóò fi tọ́jú oúnjẹ.

"Tísà, ẹ dúró ná."

Ìyá Ìbejì tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ó ń jò," ni Bàbá Kíláàsì wí. "Oorun ló gbé mi lọ. Nígbà tí mo jí, mo tún tan páńpù kó lè padà síbẹ̀."

Tísà wo ojú rẹ̀. Ó wo Ìyá Ìbejì, tó tẹrí ba, tó ń nu sípánà tí kò dọ̀tí. Ó mí kanlẹ̀.

"Bàbá, àkókò ti lọ. Ẹ ò lè tún un ṣe mọ́ lónìí. Ẹ sì ti sọ fún mi nípa iṣẹ́ yín."

"Mo mọ̀. Ẹ kọ ọ́."

Ó kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó kọ ọ́ tán.

Bó ti kúrò níbẹ̀ ni Ìyá Ìbejì ti gbaná jẹ. "Ẹ̀yin bàbá yìí! Mo fà yín jáde lódò, ẹ tún bẹ́ padà sínú omi! Kí la fẹ́ sọ fún ìyàwó yín nílé?"

"Màá sọ fún un pé mo sùn lọ. Kò ní yà á lẹ́nu." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. "Má bínú. O ṣe é dáadáa fún mi. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, irú iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe bọ̀ náà ni wọ́n fọwọ́ sí."

Nígbà tí Tísà padà wá láti ti ilẹ̀kùn, gbogbo wọn ti lọ tán, àyàfi Bàbá Kíláàsì. Ó ti fi sílíńdà fẹ́ atẹ́gùn kún inú páìpù náà, kí ọṣẹ lè hó níbi tí ihò bá wà. Ó kúnlẹ̀, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kun omi ọṣẹ sí ojú ibi tó ti jó páìpù pọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Bàbá, ìdánwò ti parí. Ẹ lọ sinmi, ó rẹ̀ yín."

"Ó rẹ̀ mí, lóòótọ́. Ẹ jẹ́ kí n rí ibi tó ti ń jò ni." Kò gbójú sókè. "Ọgbọ̀n ọdún, Tísà. Mi ò tíì wá ọ̀kan rí."

Tísà gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ tì í, ó sì tan iná fóònù rẹ̀ sí abẹ́ páìpù.