Ológbò Tí Kì Í Múni Sín

"Madam, ẹ gba ológbò yín!" Ọ̀gbẹ́ni Charles Ìbíkúnlé gbé agbọ̀n kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Ọmọ́ṣọlá ọmọ mi wà ní ọsibítù. Ojú rẹ̀ wú, àyà rẹ̀ ń súfèé. Dókítà ní díẹ̀ ló kù ká pàdánù rẹ̀."

Ẹnu Àpèkẹ́ ò lè pa dé. "Haba! Ológbò tèmi kẹ̀?"

Ta ni kò mọ ológbò Àpèkẹ́ ní Niger Street? Ẹ̀pà tó kún Kano ń kó eku wọlé, eku ò sì mọ ilé ẹni tí ara rẹ̀ kọ irun ológbò. Ọdún márùn-ún ni Àpèkẹ́ ti ń sin ológbò fún irú wọn nínú ọgbà ẹ̀yìnkùlé. Olúdélé ọkọ rẹ̀, akọ̀wé reluwé, ló fi ń dán wọn wò, nítorí irun ológbò a máa mú un sín. Bí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Olúdélé á ki imú bọ irun ọmọ ológbò, ìyàwó á kọ orin ẹsẹ mẹ́ta. Èyí tí kò bá mú un sín títí orin fi parí nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kó bímọ.

"Bàbá Fúnlọ́lá! Ẹ wá jẹ́rìí mi!" Àpèkẹ́ ké pe ọkọ rẹ̀.

Olúdélé jáde, ó rí agbọ̀n, ó dúró gbagidi.

"Ẹ ki imú bọ̀ ọ́ níṣojú wọn."

Ọkọ ki ọwọ́ bọ àpò, ó tún yọ ọ́. Ó gbé ológbò náà. Àpèkẹ́ ò tíì kọ ẹsẹ kìíní tán tí ọkọ rẹ̀ fi sín, ó tún sín, omi ń dà lójú rẹ̀.



"Oògùn tí kì í jẹ́ kí n sín ni mo máa ń lò kí a tó lọ ṣọ́ọ̀ṣì," Olúdélé wí, kò gbójú sókè. "Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ sín, o sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú. Àánú rẹ ṣe mí. Nígbà tó o wá bẹ̀rẹ̀ sí í tà wọ́n, ojú tì mí láti sọ."

"Ọdún márùn-ún! Mo ń kọrin Ọlọ́run lé irọ́ lórí!"

Ọ̀gbẹ́ni Ìbíkúnlé wo àwọn méjèèjì, ó mi orí, ó padà sí ọsibítù. Ìgbà náà ni Àpèkẹ́ rántí Dìran, oníbàárà rẹ̀ ní àdúgbò Noman's Land. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá ló gbé ọmọ ológbò kan lọ fún un. Ọmọ kan ṣoṣo tí Dìran bí kì í sì í rí èémí mí dáadáa lásìkò ọyẹ́. Ẹ̀rù bà á dé ìdí ọkàn.

Ó na ọwọ́. "Ẹ mú oògùn yẹn wá."

Olúdélé fún un. Ó so ó mọ́ etí ìró rẹ̀.

"Ẹ gbé agbọ̀n òfìfo, ká lọ sọ́dọ̀ Dìran. Bí èmi bá sọ ọ́ lẹ́nu lásán, wọn ò ní gbà, àfi bí wọ́n bá rí yín tí ẹ ń sín. Wọ́n ti fẹ́ràn ológbò wọn jù."

Ẹ̀rín ni Dìran fi pàdé wọn. Ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó gbá ológbò mọ́ àyà.

Kí Àpèkẹ́ tó la ẹnu, Olúdélé ti sín, ó sín títí ó fi di ara ògiri mú.

"Ṣé ẹ gbọ́?" ni Àpèkẹ́ wí. "Ẹ gba ológbò lọ́wọ́ ọmọ yẹn."